Bọ́ọ̀sì Ilé-ẹ̀kọ́ Tó Di Ṣọ́ọ̀bù: Àtúnṣe Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ àti Ìnáwó Dísù

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ láti Amẹ́ríkà, Blue Bird TC2000 tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Cummins 5.9 onísílíńdà mẹ́fà, fáàfù 12, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú túbò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) àti ìntakúlà (tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù kó tó wọlé). Gíà rẹ̀ ni Allison AT545. Wọ́n ti yọ àga àwọn ọmọ kúrò, wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀fù, fíríísà àti káńtà wọ̀ ọ́, wọ́n sì kan irin ẹrù sórí òrùlé fún jẹnẹrétọ̀ àti táǹkì omi. Ó ń tajà káàkiri Ìbàdàn, ó sì ń gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ kó ọjà ní Ṣàgámù. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa: ó ń mu dísù jù, ó ń tú èéfín dúdú bó bá ń gun òkè, inú rẹ̀ sì ń mú ooru tí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò lè fara dà.

Ìṣirò ṣáájú sípánà

Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í padà á di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì máa ṣe láti la atẹ́gùn náà kọjá á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ojú tí bọ́ọ̀sì yìí fi kọ atẹ́gùn tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 6.5. A fi 0.65 ṣe iye bí ara rẹ̀ ṣe ń di atẹ́gùn lọ́wọ́, nítorí ó rí bí àpótí. A fi tọ́ọ̀nù 8 ṣe ìwúwo rẹ̀. Lórí eré 40 km/h, atẹ́gùn ń fi agbára nǹkan bíi Newton 300 (300 N) dá a dúró, táyà àti ọ̀dà ń fi bíi 785 N dá a dúró. Lórí 65 km/h, àwọn méjèèjì dọ́gba. Lórí 80, atẹ́gùn nìkan ń gba kìlówáàtì 27 lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Lórí 100, ó di 52.

Nítorí náà, láàárín Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, tàbí Ìwó Road sí Gate, kò sí ohun tá a lè kàn mọ́ ara bọ́ọ̀sì tó máa dín dísù kù níbẹ̀. Ìwúwo, táyà, ìlera ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń jẹ epo nínú ìgboro. Ìrísí ara ọkọ̀ di ọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjá Toll Gate, tó wọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì, tí ara ọkọ̀ fi gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣe é lódì: wọ́n á ti san owó fún wẹ́dà kí wọ́n tó yọ fíltà wò.

Bí a ṣe ń wọn dísù

Gééjì inú ọkọ̀ kò ṣeé gbára lé, mítà ilé epo kan kò sì bá ti èkejì mu. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 la lò. Ẹ so họ́ọ̀sì tó ń fa epo mọ́ kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì so họ́ọ̀sì tó ń dá epo padà mọ́ kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Cummins yìí máa ń dá epo tí kò lò padà. Bí èyí tó ń padà bá lọ sínú táǹkì, kẹ́ẹ̀gì á gbẹ kíá, ẹ ó sì rò pé ọkọ̀ ń mu ju bó ṣe ń mu lọ. Ẹ de kẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀ dáadáa síta yàrá ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí túbò àti páìpù èéfín. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó lọ àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Lítà dísù kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 0.84. Ẹ má fi ojú wọn ọ́n, torí dísù tó padà láti ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná, ó sì máa ń wú.

Ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà, eré kan náà, àlọ àti àbọ̀, nítorí òkè tí ẹ gùn lọ ni ẹ máa sọ̀ padà. Bí ẹ bá yí nǹkan kan padà tí dísù sì dínkù, ẹ dá nǹkan náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún un wọn. Bí dísù kò bá padà pọ̀, atẹ́gùn ọjọ́ náà ló ràn yín lọ́wọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín. Lórí 80 km/h, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, bọ́ọ̀sì yìí ń rin 3.1 km lórí lítà kan.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ́ńjìnnì lítà 5.9 bá ń yí ní 2,500 rpm, ó ń mí lítà afẹ́fẹ́ 7,375 sínú ní ìṣẹ́jú kan, kí túbò tó fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọkọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan nílò ibi tí ilé fíltà wà, ó sì gbé e lọ sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn táyà iwájú. Ó fi páìpù omi PVC oníǹṣì 3 àti ẹ́ẹ́bò mẹ́ta so ó mọ́ túbò. Kò sí èyí tó dára níbẹ̀. Eruku táyà ń wọ inú fíltà tààrà. PVC ń rọ̀ bí ooru bá ti ń súnmọ́ 80°C, túbò á sì máa fa á wọlé títí yóò fi pẹlẹbẹ. Ẹnu páìpù oníǹṣì 4 sì gba afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti oníǹṣì 3.

Ohun tí a fi mọ bí ìdínà náà ṣe pọ̀ tó kò ju họ́ọ̀sì funfun tó mọ́lẹ̀ kedere, pákó gígùn mítà kan, àti omi tí a da aró sí. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì mọ́ pákó bíi lẹ́tà U, kí ẹ bu omi sí i dé ìdajì. Ẹ lu ihò kékeré sára páìpù láàárín fíltà àti túbò, kí ẹ so ẹnu họ́ọ̀sì kan mọ́ ọn. Ẹnu kejì á ṣí sílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìgò òfìfo sáàárín páìpù àti omi. Bí ìdínà bá pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, omi á gòkè. Bí kò bá sí ìgò tó máa gbà á, inú túbò ló ń lọ. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ tú páìpù kúrò lára túbò, kí ìyẹ́fun irin má bàa bọ́ sínú rẹ̀.

Wíwọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró kò wúlò, torí ẹ́ńjìnnì túbò tí kò gbé ẹrù kì í mí tó. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí òkè gíga, kí awakọ̀ tẹ iná dé ilẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo omi. Ìwọ̀n tí ẹ máa kọ sílẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín omi apá ọ̀tún àti ti apá òsì, kì í ṣe bí apá kan ṣe gòkè tó. Ààlà tí Cummins fún ẹ́ńjìnnì yìí ni ǹṣì 25, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 63.5, fún fíltà tó ti dọ̀tí. Fíltà tuntun kò yẹ kó kọjá ǹṣì 15, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 38. Tiwa wà ní sẹ̀ǹtímítà 71.

A dá ilé fíltà padà sókè, a gé ẹnu páìpù sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní ìwọ̀n ojú fèrèsé níbi tí eruku ti fúyẹ́ tí ooru ẹ́ńjìnnì kò sì dé. Ooru ṣe pàtàkì: bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní 3°C, ó ń fúyẹ́ ní nǹkan bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ 60°C tí ń bọ̀ láti inú yàrá ẹ́ńjìnnì sì dínkù ní bíi ìdá mẹ́wàá sí ti 30°C tó wà níta. A fi fìlà páànù bo ẹnu rẹ̀ nítorí òjò, ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, a sì lu ihò mílímítà 6 sí ìsàlẹ̀ ẹ́ẹ́bò àkọ́kọ́, síwájú fíltà, kí omi máa kán síta. Páìpù jẹ́ àlúmíníọ̀mù oníǹṣì 4, ẹ́ẹ́bò onídíígírì 45 méjì dípò onídíígírì 90 kan. Àwọn ìsopọ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì sílíkónì tó ní wáyà nínú. Ẹ má ṣe fi rọ́bà inú táyà so ibẹ̀ rárá. Ọ́ìlì máa ń wú u, túbò á sì fà á ya. Lẹ́yìn gbogbo èyí, pẹ̀lú fíltà tuntun, omi dúró sí sẹ̀ǹtímítà 33.

Ọ̀rọ̀ fíltà gba kí a dúró díẹ̀, torí ó ń ba túbò jẹ́ ní ìlú yìí ju ohunkóhun lọ. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku máa ń dí fíltà kíákíá. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n gbé e fún fọ́kanáísà kó fi agbára kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Bí agbára afẹ́fẹ́ náà bá kọjá 30 psi (ìwọ̀n tó wà lára gééjì táyà), tàbí tí ẹnu họ́ọ̀sì kan pépà, ihò tí ojú kò lè rí á là sí i, eruku tó bá gba ibẹ̀ kọjá á sì máa lá abẹ túbò títí yóò fi tán. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ fẹ́ ẹ láti inú síta, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ẹ ti gílóòbù bọ inú rẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ẹ wo bóyá ìmọ́lẹ̀ yọ níbì kan tó yàtọ̀. Ẹ má fi omi fọ pépà. Àyẹ̀wò tó dájú jù lọ ni kí ẹ fi ìka nu inú páìpù tó wà lẹ́yìn fíltà: bí ìka bá dúdú tàbí tó pọ́n nítorí eruku, ọ̀nà kan ń jò.

Afẹ́fẹ́ tí túbò ti tì, tó ń sọnù

Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé dísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. A ní kí wẹ́dà ṣe ìdérí irin tó bọ́ sí ẹnu túbò, a lu ihò sí àárín rẹ̀, a sì fi fáàfù táyà tubeless sí i. Ẹ di ìdérí náà mọ́ ọn pẹ̀lú họ́ọ̀sì àti kílíìpù tó le. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fọ́kanáísà ló fún wa ní afẹ́fẹ́, kò kọjá 15 psi. Ẹ yẹra fún iwájú ìdérí, torí bó bá já, ó lè ṣẹ́ ènìyàn léegun. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí agbára má bàa kó jọ sísàlẹ̀. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ pọ̀ mọ́ omi, kí ẹ fọ́n ọn sí gbogbo ojú ìsopọ̀, sí igun ìntakúlà àti sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo fẹ́rẹ́ láti páìpù èéfín, ẹ má jáyà: fáàfù kan ló ṣí, ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́.

Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ìntakúlà ti ya lábẹ́ kílíìpù, níbi tí ojú kò lè rí. Kílíìpù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ní eyín ló gé e. A fi oní-bóòtù pààrọ̀ gbogbo wọn, a sì fi bẹnsíìnì nu ọ́ìlì kúrò lára páìpù kí họ́ọ̀sì tuntun tó wọ̀ ọ́, torí lórí ọ́ìlì, ó máa yọ̀ jáde bí túbò bá tì í.

Ẹnì kan ti yí sìkúrù pọ́ǹpù dísù kí ọkọ̀ lè lágbára. Èyí wọ́pọ̀ gan-an: afẹ́fẹ́ ń jò, ọkọ̀ ń rọ, mẹkáníìkì á fi dísù kún un. Ọkọ̀ á gbéra díẹ̀, èéfín á dúdú, ooru páìpù èéfín á sì ga tó ohun tó lè yọ́ orí písítìnì. A yọ pọ́ǹpù lọ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ́n, wọ́n dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má fi etí tàbí ojú ṣe iṣẹ́ yìí. Tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù) náà ti sún. Ìwọ̀n tó yẹ kó wà ni 0.25 mm fún ti ìwọlé, 0.51 mm fún ti èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù.

Páìpù èéfín kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ààlà agbára tí èéfín lè fi tì padà nínú rẹ̀ ni ǹṣì mẹ́kúrì 3, tó jẹ́ nǹkan bíi 1.5 psi, lẹ́yìn túbò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbé ẹrù. Ẹ so gééjì mọ́ ọn pẹ̀lú páìpù búréèkì irin tó gùn, kí ooru má yọ́ họ́ọ̀sì rẹ̀. Irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ti tẹ páìpù wọlé níbì kan. A gé ibẹ̀, a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú oníǹṣì 4, gééjì sì wá sísàlẹ̀ ààlà.

Rédíétọ̀ àti fáànù

Láàárín ìntakúlà àti rédíétọ̀ ni àgbálẹ̀ gbogbo ọ̀nà ń lọ: ìyẹ́ kòkòrò, ewé, ọ̀rá àti eruku pupa. Ojú iwájú lè mọ́ nígbà tí àárín dí pátápátá. Ẹ tú méjèèjì kúrò lára ara wọn. Ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì fi omi họ́ọ̀sì lásán fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì síwájú. Ẹ̀rọ omi alágbára àwọn afọmọ́tò máa ń tẹ àwọn àlúmíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé tó wà lára wọn pọ̀, rédíétọ̀ á sì burú ju bó ṣe wà lọ.

Afẹ́fẹ́ máa ń wá ọ̀nà tó rọrùn. Bí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ibẹ̀ ló máa gbà dípò kó la inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀yìn á tún yí padà síwájú. Fóòmù tó le àti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, tí a ge ní ìlà, la fi dí gbogbo etí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta abẹ fáànù yẹ kó wà nínú agbada rẹ̀ (ìdérí tó yí fáànù ká), kí àlàfo ẹnu abẹ má sì ju mílímítà 25 lọ. Kílọ́ọ̀ṣì fáànù, tó yẹ kó máa tú fáànù sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ti dì, fáànù ń yí tìrìtìrì nígbà gbogbo, ó sì ń jẹ agbára ní òwúrọ̀ tútù tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Tokunbọ̀ kan láti ọjà Àràrọ̀mí ní Àgódì Gate la fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra irú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i: ó gbọ́dọ̀ ní ìdènà díẹ̀ láìdì, kí ọ̀rá má sì jò láàárín rẹ̀.

Ara ọkọ̀

Irin ẹrù orí òrùlé lọ pátápátá. Jẹnẹrétọ̀ sọ̀ sínú àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ láàárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn, táǹkì omi wọlé sí orí àkísù ẹ̀yìn. Nǹkan méjì ló bá a lọ: atẹ́gùn kò rí ohun tó máa lù lókè mọ́, ọkọ̀ kò sì yí gbirigbiri mọ́ ní kọ́nà. Apá tí wọ́n kọ STOP sí àti èyí tí ń ṣí níwájú kúrò pẹ̀lú, a fi páànù pẹlẹbẹ àti ríbẹ́ẹ̀tì dí ihò wọn. Pánẹ́ẹ̀lì sólà sùn mọ́ òrùlé, sẹ̀ǹtímítà 5 ni àlàfo abẹ́ rẹ̀, nítorí bí kò bá rí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ó máa gbóná jù, iná rẹ̀ á sì dínkù. Páànù tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níwájú rẹ̀.

Kí a tó ṣe èyíkéyìí, a tẹ òwú sẹ̀ǹtímítà 12 mọ́ ara ọkọ̀ yíká pẹ̀lú téèpù, ọkọ̀ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú kámẹ́rà fóònù. Níbi tí òwú bá sùn sẹ́yìn, atẹ́gùn ń ṣàn dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Níbi tó bá ń jó tàbí tó yí padà síwájú, ibẹ̀ ni dísù ń lọ. Etí òrùlé iwájú Blue Bird yípo tó, òwú ibẹ̀ sùn. Ẹ̀yìn irin ẹrù ni gbogbo òwú ti ń jà.

Bọ́ǹpà ìsàlẹ̀ àti aṣọ ẹ̀gbẹ́ (ìdérí tó ń bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́) tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ọkọ̀ ní ìlú òyìnbó, a kò ṣe é. Bọ́ǹpù àdúgbò àti kòtò òjò á fà á ya kí oṣù tó tán. Ìrù onígun tó ń dín ihò atẹ́gùn ẹ̀yìn kù wúlò lóòótọ́ lórí 90 km/h, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn pàjáwìrì wà, a kò sì ní dí ilẹ̀kùn tí ènìyàn máa sá gbà nítorí dísù.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀

Bí bọ́ọ̀sì bá ń sáré, afẹ́fẹ́ máa ń kó jọ níwájú rẹ̀, ó sì máa ń ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá jò, ihò òfìfo yẹn á fa èéfín páìpù wọlé, èéfín náà á sì rìn láti ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Kábónì mónósáìdì kò ní òórùn, orí fífọ́ àti oorun ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, a pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a sì fa ẹnu páìpù èéfín kọjá bọ́ǹpà sí ẹ̀gbẹ́. A ṣí ihò afẹ́fẹ́ sábẹ́ gíláàsì iwájú, àti ìdérí òrùlé tí ẹnu rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé níwájú, gbígbóná ń jáde lókè, èéfín kò sì rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró láti tajà, fáànù 12 V kan lábẹ́ ìdérí òrùlé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ọ̀dà funfun lórí òrùlé àti fóòmù sẹ̀ǹtímítà 3 lábẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ tú èéfín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé títajà kò sí.

Táyà àti gíà

Wíwọ̀n táyà jẹ́ ti òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà inú lẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí ọwọ́ kò tó o. Ẹ fi fáàfù gígùn sí i. Bí ọ̀kan nínú méjì tó jọ wà bá rọ̀, èkejì á gbé gbogbo ẹrù, èyí tó rọ̀ á máa gbóná, á sì máa fa ọkọ̀. Lẹ́yìn ìrìn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan: èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ, búréèkì rẹ̀ lè máa dì. Búréèkì òsì ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yìí ń dì, ó sì ti ń jẹ epo láìsí ẹni tó mọ̀.

Gíà AT545 kò ní lọ́ọ̀kì nínú kọ́ńfátà rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé gíà), bí gíà Allison MT643 ṣe ní. Ẹ́ńjìnnì àti wíìlì kì í so pọ̀ ṣinṣin láé. Ohun tó bá yọ̀ láàárín wọn á di ooru nínú ọ́ìlì gíà. Kò sí bá a ṣe lè yí i padà láìpààrọ̀ gíà. Ohun tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ni kó má gun òkè gígùn ní eré kékeré pẹ̀lú ẹsẹ̀ títẹ̀ dé ilẹ̀. Kó fà á sí gíà kejì, kí ẹ́ńjìnnì yí sókè, kí kọ́ńfátà má bàa yọ̀ púpọ̀. A ti fi kúlà ọ́ìlì mìíràn síwájú rédíétọ̀, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 kó má bàa dí atẹ́gùn ìntakúlà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, lórí 80 km/h kan náà, ọkọ̀ ń rin 3.8 km lórí lítà kan. Nígbà tí a dá irin ẹrù padà sórí òrùlé láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ sí 3.5, ó sì padà sí 3.8 nígbà tí a tún yọ ọ́. Nínú ìgboro, ìyàtọ̀ náà kéré, búréèkì tó ń dì àti họ́ọ̀sì tó ya ló sì mú èyí tó pọ̀ jù wá. Omi pákó U ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, họ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì so mọ́ páìpù. Bó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 60 lórí òkè, ó tó àkókò láti yọ fíltà nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.